Ẹni tí Ó Fọwọ́ sí Náírà Wa: Ọlá Vincent àti Iṣẹ́ Gómìnà Báńkì Àpapọ̀

Ní ọjọ́ ọjà Òmù-Àrán, bí obìnrin tí ó ń ta èlùbọ́ bá gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ohun mẹ́ta ni ó máa ń wò: àwọ̀ owó náà, àwòrán tí ó wà lára rẹ̀, àti bóyá ó ti ya. Kò ka ìlà kékeré tí a fi ọwọ́ kọ lára rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ìlà náà wà lára ohun tí ó sọ ìwé di owó. Ìfọwọ́sí gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ni. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, àwọn ère òkúta wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ṣí ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère náà ju ẹgbẹ̀rin lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ti owó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe owó fi orúkọ sí i. Àwa tí a ń ná an ni a kì í kà á.

Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1977 títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1982, ẹni tí ó jókòó sórí àga gómìnà náà ni Ọlátúndé Ọlábọ̀dé Vincent, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ọlá Vincent. Òun ni ẹni karùn-ún tí ó dé ipò náà, òun sì ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní gbàgede Tinubu ní Èkó, ó jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò ni pé kí ni ọkùnrin yìí lè ṣe fún àgbẹ̀ tí ó ń gbin iṣu ní ẹ̀yìn odi Èsìẹ́, kí sì ni apá rẹ̀ kò ká?

Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń dá èésú kò ní pẹ́ lóye iṣẹ́ Báńkì Àpapọ̀. Olórí èésú kì í ra, kì í sì í tà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó mọ ẹni tí ó kàn láti kó, kí ó sì rí i pé ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ kò sá. Bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, kò sí ẹni tí í dárúkọ rẹ̀; bí owó bá dín, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ìlú yóò máa pè. Báyìí ni Báńkì Àpapọ̀ ṣe rí sí àwọn báńkì yòókù. Àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kò lè lọ fi owó pamọ́ sí i. Àwọn báńkì ni oníbàárà rẹ̀, ìjọba sì ni oníbàárà rẹ̀ àgbà. Òun ni ó ń tọ́jú owó ìjọba, òun ni ó ń pa owó ilẹ̀ òkèèrè tí orílẹ̀-èdè bá rí mọ́, òun sì ni ó ń ṣọ́ àwọn báńkì kí wọ́n má baà ná owó olówó ní ìnákúnàá. Ní àkókò Vincent, òun tún ni ó ń sọ iye èlé tí báńkì lè gbà àti irú iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yá lówó.

Ibì kan wà tí àpèjúwe èésú yìí kò bá a dé. Olórí èésú kò lè pín ju ohun tí a dá lọ. Báńkì Àpapọ̀ lè tẹ owó tí ẹnikẹ́ni kò dá. Nínú agbára kan ṣoṣo yìí ni wàhálà iṣẹ́ gómìnà wà, nítorí pé oníbàárà rẹ̀ àgbà, ìyẹn ìjọba, kì í gbàgbé pé agbára náà wà níbẹ̀.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ wa kí ó tó di ọdún 1959. Láti ọdún 1912 ni àjọ kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ West African Currency Board, ti ń ṣe owó tí a ń ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó àjọ náà ni kọ́bọ̀ oníhò àti ṣílè tí àwọn bàbá wa ná. Bí a bá fẹ́ kí pọ́n-ùn kan jáde níhìn-ín, pọ́n-ùn kan gbọ́dọ̀ wọ àpò àjọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó náà dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín kò sí nílé. Ní ọdún 1952, ọ̀gbẹ́ni J. L. Fisher, òṣìṣẹ́ Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì sọ pé kò tíì tó àkókò kí Nàìjíríà ní báńkì àpapọ̀ tirẹ̀. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àwọn aṣojú Báńkì Àgbáyé fi sọ òdìkejì rẹ̀. J. B. Loynes ṣe ètò bí yóò ṣe rí ní ọdún 1957, òfin jáde ní ọdún 1958, báńkì náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959. Òyìnbó ni gómìnà àkọ́kọ́, Roy Fenton. Àlíyù Mai-Bornu, tí ó jẹ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, gbà á ní ọdún 1963. Clement Isong ló tẹ̀ lé e, òun ni ó wà níbẹ̀ ní ìgbà ogun abẹ́lé, òun náà ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Adámù Ciroma jókòó láti ọdún 1975 di 1977, kí ó tó kan Vincent.

Ní ìlú Èkó ni a bí Ọlá Vincent ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1925. Ó ṣe iṣẹ́ ológun ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, láti ọdún 1942 di 1946. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ètò ìnáwó ìjọba ní Èkó, láti ibẹ̀ ni ó sì ti lọ sí Yunifásítì Manchester. Nígbà tí ó padà dé, iṣẹ́ ìṣúná owó ìjọba ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1961 ó wọ Báńkì Àpapọ̀, tí báńkì náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó ti di ọ̀gá àgbà tí ó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀.

Kò dúró sí Èkó. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ń dá báńkì kan sílẹ̀ tí yóò máa yá wọn lówó láti la ọ̀nà àti láti fa omi, kí wọ́n má baà máa tẹ̀ ba fún òyìnbó nìkan. Vincent wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ìdásílẹ̀ náà. Nígbà tí Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Abidjan ní ọdún 1966, ó di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ààrẹ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1973. Ó padà sí Báńkì Àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbaninímọ̀ràn, ó di igbákejì gómìnà ní ọdún 1975, ó sì di gómìnà ní ọdún 1977. Bí a bá wo ìgbésí ayé rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tí ó mọ gbogbo yàrá inú ilé kí a tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe olóṣèlú. Ànfààní ni èyí, ó sì lè jẹ́ ìdíwọ́, nítorí ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ fún ìjọba mọ bí a ṣe ń gba ìjọba nímọ̀ràn ju bí a ṣe ń kọ̀ fún un lọ.

Ohun tí ó kan ilẹ̀ Ìgbómìnà jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó gorí àga gan-an. Ní àkókò náà, inú ìlú ńláńlá ni àwọn báńkì kóra jọ sí. Àgbẹ̀ tí ó bá ta iṣu tàbí kòkó ní ìlú kékeré kò ní ibì kan tí yóò fi owó sí ju inú àpótí, abẹ́ ẹní, tàbí ìkòkò tí ó rì mọ́ ilẹ̀. Ikán mọ ọ̀nà ibẹ̀, iná àti olè náà mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń fún alájọ, bí alájọ bá sì ṣí ní òru ọjọ́ kan, ẹjọ́ di ti ààfin. Owó púpọ̀ ni ó sùn báyìí tí kò bí ọmọ. Ìgbìmọ̀ kan tí Pius Okigbo ṣe alága rẹ̀ ní ọdún 1976 ti dámọ̀ràn pé kí a mú báńkì lọ bá àwọn ará ìgbèríko. Ní oṣù keje ọdún 1977 ni Báńkì Àpapọ̀ sọ ìmọ̀ràn náà di àṣẹ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Báńkì Àpapọ̀ kò rọ àwọn báńkì. Ó pín ibi fún wọn, ó ní iye ẹ̀ka báyìí báyìí ni kí o ṣí, àwọn ìlú báyìí ni kí o sì ṣí wọn sí. Ẹ̀ka 200 ni ìpín kìíní, tí ó yẹ kí ó parí ní àárín ọdún 1980, díẹ̀ ni ó sì kù kí wọ́n pé nígbà tí àkókò tó. Ní ọdún 1980 kan náà ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún ṣí 266 sí i. Àwọn báńkì kùn. Wọ́n ní kò sí iná, kò sí tẹlifóònù, ọ̀nà kò dára, òṣìṣẹ́ tí ó ti kàwé kò fẹ́ gbé oko, owó tí àgbẹ̀ yóò sì mú wá kò tó san owó ọlọ́dẹ tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ bí ìlú kékeré ti rí ní ọdún náà mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Síbẹ̀, ẹ̀ka wọ̀nyí kì bá tí wáyé bí kò bá sí àṣẹ, nítorí kò sí oníṣòwò tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí èrè kò sí.

Ẹ̀ka nìkan kò tó. Báńkì kì í yá ènìyàn lówó láìgba ohun ìdúró. Kí ni àgbẹ̀ Òmù-Àrán yóò fi dúró? Ilẹ̀ tí ó ń ro jẹ́ ti ìdílé. Baálé ilé kò lè dá gbé e fún báńkì láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ di ti gbogbo agbo ilé. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1978 kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí òfin náà mẹ́nu bà kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo owó onídùúró tí a dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1977, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Mílíọ̀nù 100 náírà ni owó ìdásílẹ̀ rẹ̀: ìjọba àpapọ̀ dá ìdá 60 nínú 100, Báńkì Àpapọ̀ dá ìdá 40. Àgbẹ̀ kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Báńkì ni yóò yá àgbẹ̀ lówó. Bí àgbẹ̀ kò bá lè san, tí báńkì sì ti ta ohun ìdúró tí ó bá wà, àpò onídùúró yìí yóò san ìdá 75 nínú 100 ohun tí ó ṣẹ́kù. Onídùúró jẹ́ ohun tí Yorùbá ti mọ̀ láti ìgbà ìwọ̀fà. Ohun tuntun tí ó wà níbẹ̀ ni pé Báńkì Àpapọ̀ ni ó dúró fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì ní mọ̀ láéláé.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́? Ìdáhùn tòótọ́ ni pé ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà kan, kò sì ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Owó wọlé sí àwọn ẹ̀ka ìgbèríko. Olùkọ́ tí ó ń gba owó oṣù, oníṣòwò aṣọ, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, gbogbo wọn ṣí ìwé owó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó tí a kó jọ ní ìgbèríko ni ó tún gun ọkọ̀ padà sí ìlú ńlá, tí a sì yá àwọn tí ó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ rí èyí, ó tún ní láti pàṣẹ pé apá kan pàtó nínú owó tí a bá gbà ní ìgbèríko gbọ́dọ̀ jẹ́ yíyá fún àwọn ará ìgbèríko. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ owó kì í sábà ka sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àdéhùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà tí ó ń sọ fún àgbẹ̀ pé ọjọ́ ìsanwó ti kọjá. Ẹni tí ó tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí kò lè kà kò yàtọ̀ sí ẹni tí a mú lọ sí àjò tí a kò sọ orúkọ ibẹ̀ fún un. Báńkì dé ìgbèríko, èdè rẹ̀ kò bá a dé.

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1979 ni owó tuntun jáde. Herbert Macaulay wà lórí náírà kan, Abubakar Tafawa Balewa wà lórí náírà márùn-ún, Alvan Ikoku tí ó jẹ́ olùkọ́ wà lórí náírà mẹ́wàá. Murtala Muhammed ti wà lórí ogún náírà láti oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn owó wọ̀nyí lẹ́wà, wọ́n sì lágbára: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ dáadáa. Àwọn ọlọ́jọ́ orí ṣì ń fi ìyanu sọ ìtàn yìí, wọ́n sì ń fi bí ojú náírà ti rí lónìí wé e. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí náírà gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, ìrẹsì tí a kó ti òkè òkun wá di olówó pọ́ọ́kú ní ọjà wa. Akọ̀wé ní Èkó ra ìrẹsì ní ìrọ̀rùn. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu àti ìrẹsì abẹ́lé kò rí ẹni ra tirẹ̀ ní iye tí yóò san owó lébìrà. Ọ̀dọ́kùnrin ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó ju ọkọ́ sílẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn, tí ó sì wọ mọ́tò lọ sí Èkó, kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo ìgbà. Ó ṣe ìṣirò ni. Báńkì Àpapọ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún yá àgbẹ̀ lówó, owó alágbára tí ó ń fi ọwọ́ òsì tọ́jú sì ń gba oníbàárà lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà.

Epo ni ó gbé náírà dúró. Ní ọdún 1978 tí owó epo dín, ìjọba lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè, ẹ̀yáwó ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọdún 1979, rògbòdìyàn Iran mú kí iye epo fò sókè, àpò sì kún. Ní ìparí ọdún 1980, owó ilẹ̀ òkèèrè tí Báńkì Àpapọ̀ ń tọ́jú ju bílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ìjọba alágbádá ti dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó ń béèrè fún ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà, ilé ìṣẹ́ àti ilé gbígbé. Ní ọdún 1981, epo kún ọjà àgbáyé, àwọn tí ó ń rà á sì dín. Owó tí ó wà nípamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí tí a gbé sí oòrùn, a sì ń kó ọjà wọlé bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1982 ni òfin tí yóò dá ìnáwó náà dúró tó jáde, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìkọ́jàwọlé àti owó ibodè tí ó ga. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọdún márùn-ún Vincent pé, tí ó sì gbé iṣẹ́ lé Abdulkadir Ahmed lọ́wọ́.

Àwọn kan bi í léèrè lẹ́yìn náà pé níbo ni gómìnà wà tí owó fi tán. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìjọba ni ó ń pinnu iye tí yóò ná. Gómìnà ń gbani nímọ̀ràn, ó sì ń sọ iye tí ó kù. Bí ìjọba bá ní kí a san, ó di dandan kí a san. Gómìnà tí kò bá fẹ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí èyí hàn kedere ni ti ọkùnrin mìíràn tí ó ṣe iṣẹ́ kan náà ní àwọn ọdún kan náà ní ilẹ̀ Íńdíà. Indraprasad Gordhanbhai Patel, tí wọ́n ń pè ní I. G. Patel, fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré ṣe ẹ̀gbọ́n Vincent: oṣù kọkànlá ọdún 1924 ni wọ́n bí i, ní ìhà Gujarat. Ó di gómìnà báńkì àpapọ̀ Íńdíà ní oṣù kejìlá ọdún 1977, ó sì kúrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Ọ̀nà tí òun gbà yàtọ̀: ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, ó jẹ́ olùkọ́ ní Baroda, ó ṣiṣẹ́ ní Àjọ Owó Àgbáyé ní Washington, ó jẹ́ olùdámọ̀ràn àgbà fún ìjọba rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York kí wọ́n tó pè é wálé.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì jọra lọ́nà tí ó ya ni lẹ́nu. Ní Íńdíà náà, àṣẹ ni ó mú báńkì lọ sí abúlé: láti ọdún 1977, kí Patel tó dé, báńkì tí ó bá fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan ní ibi tí báńkì ti wà gbọ́dọ̀ ṣí mẹ́rin ní ibi tí kò sí. Ṣùgbọ́n epo tí ó kún àpò Nàìjíríà ní ọdún 1979 ni ó gbẹ àpò Íńdíà, nítorí Íńdíà ń rà á ni. Kí àpò tó gbẹ tán, Íńdíà ti lọ bá Àjọ Owó Àgbáyé ní ọdún 1981, ó gba àdéhùn ẹ̀yáwó ńlá, kò sì gba gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó sọ pé ó tó. Ẹni tí kò ní epo mọ̀ pé ebi lè dé. Ẹni tí ó ní i rò pé epo yóò tún gbówó lórí lọ́la.

Patel náà kò ní agbára ìkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1978, kò tíì pé oṣù méjì tí ó dé, ìjọba rẹ̀ pinnu láti fagi lé owó rupee ńláńlá, oní 1,000, oní 5,000 àti oní 10,000, kí àwọn tí ó kó owó ìjẹkújẹ pamọ́ lè pàdánù rẹ̀. Patel kọ ọ́ sínú ìwé tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé òun sọ fún mínísítà ètò ìnáwó pé irú nǹkan báyìí kì í sábà so èso tí ó jọjú, nítorí àwọn tí ó jí owó kì í fi í pamọ́ ní owó tútù pẹ́ títí. Mínísítà gbọ́, ìjọba sì ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Gómìnà ni ó bójú tó o. Nígbà tí ó kúrò ní báńkì, ó darí ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso kan ní Ahmedabad, lẹ́yìn náà ó di olùdarí London School of Economics láti ọdún 1984 di 1990. Ó kú ní ọdún 2005. Vincent kú ní ọdún 2012, lẹ́ni ọdún 87.

Lẹ́yìn wọn, òfin yí padà ní Nàìjíríà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 fún gómìnà ní òmìnira tí Vincent kò ní, ó sì sọ pé owó tí báńkì náà lè yá ìjọba láti fi dí àlàfo ìnáwó kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 owó tí ó wọlé fún ìjọba ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé òfin náà. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi máa di ọdún 2023, ẹ̀yáwó yìí ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin fi ní láti fọwọ́ sí i pé kí a sọ tiriliọ̀nù 22.7 náírà di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kan náà ni ohun tí Patel rí ní Íńdíà dé ọjà wa. Báńkì Àpapọ̀ yí àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà, ó sì dá ọjọ́ tí àtijọ́ kò ní níyì mọ́. Tuntun kò tó. Àwọn ènìyàn tò sí ẹnu báńkì láti òwúrọ̀, àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó ń gba èlé lórí owó tí kò yẹ kí a ta, oníṣòwò tí kò ní ìwé báńkì sì ń wo ọjà rẹ̀ tí ó ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ní àwọn ìlú tí ẹ̀ka báńkì kò tíì dé tàbí tí ó ti dé tí ó sì tún kúrò, gbèsè ni wọ́n fi ń ra èlùbọ́ àti iyọ̀: onítajà ń kọ orúkọ sínú ìwé, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ sì ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ fi orúkọ sí i.